Wọ́n ní orí mi ti yí

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ wa ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa ní ta ló ń kọ lẹ́tà láyé WhatsApp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè gbà sílẹ̀ sórí fóònù nígbà tí Bàbá Mopé bá jókòó sí pálọ̀ tó ń ṣe bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ìwọ nìkan ni kó o kà á. Bí o bá fi han ọkọ rẹ, Ọlọ́run á bi ọ́ o.

Ó yẹ kí ìròyìn ti kàn ọ́ báyìí, torí ọ̀rẹ́ wa ẹlẹ́nu-kò-dákẹ́ sọ fún mi pé òun ti bá ọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní orí mi ti yí. Wọ́n ní igbákejì ọ̀gá ilé ìwé tí gbogbo ayé ń kí ní "Madam VP" ti kọ ìwé ìfẹ̀yìntì, ó wá ń gbé ìlù kọ́ apá kiri ẹ̀yìn Ọjà Ọba. Àṣàkẹ́, òótọ́ ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi ibi tí wọ́n ti ní òru ni mo ń ti ilé onílù bọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ, mi ò sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi níbẹ̀, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mọ́lété kò mọ ẹni tó ń fẹ̀yìn tì.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ. Láti èṣí ni nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège. Lóru, ooru á kàn dédé rú láti àyà mi dé orí, àfi bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ sí mi lójú. Màá bọ́ aṣọ, màá tún wọ̀ ọ́. Bàbá Mopé á ní ṣé kí òun tan jẹnẹrétọ̀ ni, epo tó wọ́n bí ojú! Dókítà ní kò sí àrùn kankan lára mi. Ó ní ó di ìgbà tí oṣù 12 bá pé láìrí nǹkan oṣù kí wọ́n tó lè sọ pé ó ti dáwọ́ dúró, àti pé nǹkan bí ọdún 51 ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ní ẹ ṣé sà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní kí n wá gba àdúrà, àwọn ọ̀tá ilé bàbá mi ló ń fi iná jó mi. Mo ní àmín. Kí ni kí n wí?

Ààwẹ̀ Ramadan wá dé. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo jókòó sórí àga ní fàráńdà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀, ni àwọn ọmọ ajísààrì bá ń kọjá ládùúgbò. Gángan kan wà láàárín wọn. Ọmọ tó ń lù ú kò lè ju 14 lọ. Ó ń dárúkọ àwọn onílé bó ṣe ń kan ilé, ó ń jí wọn fún sààrì. Mo dìde dúró. Ooru yẹn kò tíì lọ, ṣùgbọ́n mo gbàgbé ẹ̀. Agolo Bournvita tí à ń lù bí ìlù nílé ìwé ni mo rántí, Àṣàkẹ́, èyí tí Matron gbà lọ́wọ́ wa. O rántí ohun tó sọ? O rántí bí mo ṣe gbà pé òun ló tọ̀nà?

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ baba onílù nìyẹn. Kò kọ́kọ́ jẹ́ kí n fọwọ́ kan gángan. Omele ló gbé fún mi, ó ní kí n máa lu ohun kan ṣoṣo títí òun á fi ní ó tó, ó wá lọ jẹun. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ ló jókòó tì mí, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín le o." Èmi tí odindi ilé ìwé ń dìde fún! Nígbà tó fún mi ní gángan, abíyá mi wú. Wàá ki ìlù bọ abíyá, wàá fi apá fún ọsán rẹ̀ pọ̀ kí ohùn lè lọ sókè, wàá tú u kó lè sọ̀ kalẹ̀, kọ̀ǹgó á sì bọ́ sójú awọ ní àsìkò tí apá ń fún un gan-an. Bí apá bá ti yá ju ọwọ́ lọ, irọ́ nìkan ni ìlù ń pa. Orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ lù tó jáde dáadáa. Àdùkẹ́: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Tìrẹ náà kò yàtọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo jókòó sí kíṣìnnì, mo ń fi ìlù pe Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́, torí àárò rẹ ń sọ mí. Ni Bàbá Mopé bá dáhùn láti yàrá: "Kí ló dé?" Ó ní mo ń pe Àkànní. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ó tún bojú jẹ́.

Tirẹ̀ ni pé òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní 2022 gba olùkọ́ láyè láti ṣiṣẹ́ dé ọmọ ọdún 65, tàbí kó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jó, èmi ń fẹ̀yìn tì ní 53. Mo bi í pé ṣé torí wọ́n ní mo lè jókòó pẹ́ ni mo ṣe gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́. Ọdún méjìlá mìíràn lórí ìforúkọsílẹ̀ WAEC àti ìjà àwọn olùkọ́ nítorí àga! Wọ́n pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Àbúrò ìyá ọkọ mi bi mí níṣojú gbogbo ayé bóyá ọkùnrin onílù yẹn níyàwó. Mo ní ó ní méjì, ó sì ti lé ní 70. Wọ́n ní ìyẹn ò ní kó má ṣe nǹkan kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo lè sọ èyí fún. 54 ni Màámi nígbà tí wọ́n lọ. Oṣù kẹsàn-án yìí lèmi náà á pé 54. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé mo ń wo kàlẹ́ńdà. O rántí òfì tí wọ́n lọ rà ní Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ní ó dọjọ́ tí àwọn bá ráyè? Ó ṣì wà nínú àpótí, káńfọ̀ wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ró o rí. Mo gbé e lọ fún télọ̀, mo ní kó fi rán bùbá àti ìró fún mi. Ìlù ni mo wọ̀ ọ́ lọ kọ́, kì í ṣe òde ìyàwó. Baba ní ta ló kú? Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Ìròyìn tó kù: ìyàwó pásítọ̀ bí ọmọkùnrin, ilé tí ẹ̀ ń kọ́ ní Akóbọ̀ ti gbòrùlé ṣùgbọ́n kí ọkọ rẹ bi birikìlà léèrè símẹ́ǹtì, Ìyá Alákàrà ti padà sí Ìwó, Dídùn mi ti ń ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kàdúná, mi ò sì ń sùn.

Wàyí o, Mopé. Láti ìgbà tó ti gbọ́, kì í gbé ìpè mi mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi ránṣẹ́, ó ní "midlife crisis" ló ń ṣe mí, ó sì fi ìwé tẹ̀ lé e kí n kà. Mo kà á. Ọ̀mọ̀wé ará Kánádà kan, Elliott Jaques, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn, ní 1965. Mo wo ọdún tí wọ́n bí i: 1917. Òun alára ti ń súnmọ́ 50 nígbà tó ń kọ ọ́, ó sì wà láyé di 2003! Mo fi ìyẹn dá Mopé lóhùn, kò rẹ́rìn-ín. Èmi mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Gbèsè owó àjẹṣẹ́kù tí mo yá láti fi rán an lọ sí Leeds kò tíì tán, inú owó oṣù mi ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ó rò pé òun ni gbèsè náà á já lé lórí. Kò ní sọ ọ́, ìtìjú ń ṣe é, ìbínú ló fi bò ó.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ọ́ nìyí. Leeds ò jìnnà sí ọ, nǹkan bíi wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Lọ bá a nílé ní ọjọ́ ìsinmi rẹ. Má pè é, á ní òun wà níbi iṣẹ́. Sọ fún un pé inú owó ìfẹ̀yìntì mi ni wọ́n máa ti yọ ìyókù gbèsè náà, mo ti bá akọ̀wé àjẹṣẹ́kù sọ ọ́, kò kan òun rárá. Má gbè mí níjà o. Kó máa pè mí ní wèrè tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó máa gbé fóònù. Bó bá ní kí o má dá sí i, rán an létí ẹni tó gbé e lọ́wọ́ kí bàbá rẹ̀ tó dé ọsibítù.

Elùbọ́ àti irú ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń bọ̀ wá sí Manchester lóṣù tó ń bọ̀. Ìdajì ni ti Mopé. Mo mọ̀ ẹ́, má jẹ gbogbo rẹ̀.

Èmi ni,
Àdùkẹ́