Jẹ́ Kó Kan

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù láàárọ̀ àná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, torí mo ń jọ̀ gàrí lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́. O ní ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì l'Ékòó ń ta gàrí pupa, pé ọjà rẹ̀ ń yá wìtìwìtì, pé kí n máa po epo díẹ̀ mọ́ tiwa, kí n má sì jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀ pẹ́ lábẹ́ òkúta mọ́. Àbúrò rẹ tún wá fi fídíò rẹ hàn mí. Mo wò ó títí, mo bi í pé ta nìyí. Ohùn tó ń gba imú jáde yẹn, ibo lo ti rí i? Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí a fi ìkọ́kọrẹ́ tọ́, tó wá ń pe gàrí bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú!

Má bínú o. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ náà wá ń dùn mí, torí èmi náà ti ṣe é rí.

Ọdún 1998 ni, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Obìnrin kan dé sí ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi lọ́jà, gàrí pupa ló ń tà, ó ń dán bíi wúrà, èrò sì bò ó. Tèmi wà níbẹ̀, funfun, ó dákẹ́ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ àjò. Mo délé, oorun ò kùn mí. Ẹ̀gẹ́ tí mo lọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti gbé e ka iná. Ọjọ́ kan péré, dípò mẹ́rin! Mo po epo mọ́ ọn, mo yan án, ó pupa lóòótọ́. Inú mi dùn.

Oníbàárà mi kan wà, ará Ṣágámù, tó máa ń ra kóńgò méjì lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Kì í nájà. Ó dé lọ́jọ́ náà, ó fi ìka mẹ́ta bù ú sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ta ló bá ọ yan èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Hẹn-ẹn." Ó gbọn ọwọ́, ó ká àpò rẹ̀, ó lọ. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú gbogbo àwọn tó tò síwájú obìnrin onígàrí pupa yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yà sọ́dọ̀ mi. Kí ni wọn ó wá ṣe? Ẹni tó fẹ́ pupa ti mọ ẹni tó ń ta pupa. Àwọn tèmi lọ, àwọn tirẹ̀ ò wá. Ẹrù tí mo rù lọ ni mo rù bọ̀, bàbá rẹ sì mu gàrí pupa títí ó fi ní kí n gba òun lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kí ará Ṣágámù yẹn tó tún bu tèmi sẹ́nu.

Gàrí pupa kò burú o. Àwọn tó ni ín mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá gàrí Ìjẹ̀bú, kíkan yẹn gan-an ló ń wá: èyí tó kúná, tó gbẹ, tí wọn ó da omi tútù sí, tí wọn ó fi ẹ̀pà tàbí ẹja díndín gbè é lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tó fi ń ro lábẹ́ òkúta ni mò ń tà. Bí o bá gba ọjọ́ mẹ́rin náà lọ́wọ́ mi, kí ló kù?

Ìwọ ò bá Tai Ṣolarin láyé. Ọdún 1994 ni wọ́n papò dà. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí ni wọ́n, àwọn ni wọ́n dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ lọ́dún 1956. Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni aṣọ wọn, lóko o, nílé ìwé o, láàárín àwọn alágbádá o. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí a wà ní kékeré. Mi ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn o. Tó bá di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ọ̀nà wa ò papọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ṣòkòtò péńpé yẹn lókèèrè, o ti mọ ẹni tó ń bọ̀.

Mi ò ní kí o má kọ́ nǹkan lára èèyàn. Ọ̀rá tó nípọn tí à ń fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lo ti rí i, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kòkòrò ò rọ́nà wọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀rá la yá níbẹ̀, tiwa ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Ṣe fídíò míì. Sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ nídìí agbada, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ. Sọ fún wọn pé ó kan, má sì tọrọ àforíjì.

Àpò mẹ́ta wà lábẹ́ òkúta bí mo ṣe ń kọ èyí, omi rẹ̀ ṣì ń ro. Ọjọ́bọ̀ ni yóò pé. Bí o bá ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ra ọ̀rá dání, èyí tó wà nílé ò tó ogún mọ́. Ìyá àgbà ń kí ọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé o ti ní ohùn tuntun, àwọn fẹ́ fi etí ara àwọn gbọ́ ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ