Lẹ́tà sí àbúrò bàbá mi, lórí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn àdúgbò

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìnáwó ìyá àgbà, ẹ kú àṣeyẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo ẹbí ló pé, mi ò sì lè já yín ní koro lójú wọn. Ẹ ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì jẹ́ alága àwọn onílé, àwọn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fi gbọ̀ngàn àdúgbò ṣe ètò ìfètòsọ́mọbíbí kò ní wọlé, nítorí pé ìṣekúṣe ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìṣekúṣe ló sì ń bí oyún ṣíṣẹ́. Bàbá, mo mọ̀ pé oyún ṣíṣẹ́ ń dùn yín dọ́kàn. Ó ń dun èmi náà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ohun tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́ yẹn gan-an ló ń dín in kù.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń rẹ àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ọkọ rẹ̀ ń gun ọ̀kadà. Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta ló ń gbà. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ òògùn náà di ọ̀fẹ́ ní ọsibítù ìjọba, lóòótọ́ kò sì sanwó òògùn. Ṣùgbọ́n ó ń sanwó káàdì, ó ń sanwó ìbọ̀wọ́, ó ń sanwó àyẹ̀wò oyún kí wọ́n tó gún un, owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀. Lóṣù tí òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, tí ọjà sì dákú, ó ní òun á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù méjì. Oyún dé.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún ló kọ́kọ́ mu. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú àkókò, ó lọ bá ọkùnrin kan ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Iye tí ọkùnrin yẹn gbà á tó owó káàdì àti ìbọ̀wọ́ ọdún mélòó kan. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ò dá mọ́. Èmi ni mo gbá a mọ́ra nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀nà Sápọ́n dí pa, ẹ̀jẹ̀ ń rin ìró mi gbindin títí a fi dé ọsibítù. Mo ti fọ ìró náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò tíì lè ró o.

Ọlọ́run yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan fi ọ̀pá tín-ín-rín méjì sí i lápá, èyí tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún fún ọdún 5, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà náà, kò lóyún tí kò fẹ́, kò sì ṣẹ́ oyún. Obìnrin kan náà ni o, Bàbá. Ìwà rẹ̀ kò yí padà, ọkọ rẹ̀ kò yí padà. Owó káàdì àti ìbọ̀wọ́ ni wọ́n mú kúrò, wọ́n sì fún un ní èyí tí kò ní máa lọ gbà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Àwọn olùṣèwádìí fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012 tó mílíọ̀nù 1.25. Òfin wà nílẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tó bá báni ṣẹ́ ẹ, ọdún 7 fún obìnrin náà, àfi tó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là. Ẹ̀wọ̀n kò dá wọn dúró, yàrá ẹ̀yìn ló lé wọn lọ. Nínú ìwádìí ìjọba ti 2018, nínú 100 obìnrin tó wà nílé ọkọ, 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí ìgbàlódé. Bíi 19 mìíràn fẹ́ dáwọ́ ọmọ bíbí dúró tàbí kí wọ́n sinmi díẹ̀, wọn ò sì lo nǹkan kan. Àwọn 19 yìí ni mo ń torí wọn bẹ̀ yín.

Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, láti 2007, àwọn olùṣèwádìí ṣàlàyé fún obìnrin 9,256, wọ́n sì ní kí kálukú yan ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí tó wù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ̀n oyún ṣíṣẹ́ láàárín wọn kò tó ìdajì ìwọ̀n ti gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ lè ní àṣà òyìnbó ni. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyá àgbà fi ń fún ọmọ lọ́mú, tí wọn kì í súnmọ́ yàrá bàbá àgbà títí wọ́n á fi já a lẹ́nu ọmú. Kí la fẹ́ pe ìyẹn? Ṣùgbọ́n agbo ilé ni wọ́n ń gbé nígbà náà, ìyàwó pọ̀, oko ń bẹ. Yàrá kan ni tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin ń sùn ní Láfẹ́nwá lónìí, owó ilé ìwé sì wà lọ́rùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ díẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n á fi ní ọmọ díẹ̀ ni ò tó wọn lọ́wọ́, oyún ṣíṣẹ́ ló wá ń dí àlàfo náà.

Ti àwọn ọmọdébìnrin tí ẹ ń bẹ̀rù fún, èmi náà ní ọmọbìnrin, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo rí lórí ìlà lọ́jọ́ tí wọ́n dá àwọn nọ́ọ̀sì padà, ọmọ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Wọ́n ní àwọn á tún gba àdúgbò wa kọjá ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ṣí i, èmi ni màá tètè wá gbá ibẹ̀, màá sì to bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Aládìrẹ Ìtòkú