Àjọkẹ́, mo yà sábà yín

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ẹ lọ? Fóìsì nóòtì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, àwọn ìbejì ò jẹ́, nígbà tí mo gbọ́ ọ padà igbe wọn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ni mo bá ní kí n kúkú jókòó tẹ̀ ẹ́. Ó máa gùn o, wá nǹkan jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àkúrẹ́ là ń lọ, ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi (ó lọ dáadáa, ìrẹsì ò kárí, aṣọ ẹbí ń ṣí, ìyẹn ti parí). Àwọn tèmi ti ṣáájú, èmi nìkan kúrò l'Óṣogbo kílẹ̀ tó mọ́, bí mo ṣe dé Iléṣà báyìí ni ọkàn mi fà sí Ìyá Àgbà, mo ní kí n yà kí wọn fún wákàtí kan péré. Ọlọ́kadà tó gbé mi wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ lọ wa góòlù ni?” Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní góòlù wo, èyí tó wà lọ́rùn mi gan-an kì í ṣe ojúlówó. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ò ṣeré.

Àjọkẹ́, àbà yín dákẹ́ o. O mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tá a bá wá lọ́lidé, tí gbogbo ọmọdé á máa ya tẹ̀ lé wa torí bàtà ẹ (màá fi ọ̀rọ̀ igi ọsàn sílẹ̀, mo ṣì ń sọ ọ́ pé mi ò tì ẹ́). Báyìí, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wá pàdé mi. Bàbá méjì ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò, wọn ò tiẹ̀ pariwo síra wọn. Abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, iná ò sí ńbẹ̀. Mo bèèrè àwọn ọ̀dọ́, bàbá kan kàn na ìka sí ìsàlẹ̀ odò, ó sì padà sídìí ayò ẹ̀.

Ojú Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa mọ́ ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo ní “ẹ kú ilé mà” báyìí, wọ́n ní, “Ọmọ ìyá aláró! Ẹnì kejì ẹ dà?” Mo ní ó ṣì wà lókè òkun. Wọ́n ní ṣé òkun yẹn ò ní ẹnu ọ̀nà àbájáde ni. Ìwọ ni kó o wá dá wọn lóhùn o, ọ̀rọ̀ yẹn kọjá agbára tèmi.

Kòkó ni wọ́n ń fọ́ lọ́jọ́ náà, torí náà kò sí wákàtí kan tí mo ń wí, ọwọ́ ti bà mí. Bàbá Àgàtú tó ń bá yín ṣe oko (ọkùnrin yẹn ń sọ Ìjẹ̀ṣà ju èmi lọ!) kó gbogbo wa jókòó yí òkìtì kòkó ká. Kùmọ̀ ni wọ́n fún mi, wọ́n ní àdá máa ń gé ọmọ inú ẹ̀. Mò ń fọ́, mò ń lá, o mọ bí ẹran ara ẹ̀ funfun yẹn ṣe máa ń dùn, títí wọ́n fi ní ṣé iṣẹ́ ni mo wá ṣe ni àbí mo wá jẹun. Òkìtì ti tẹ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, omi ń ro lábẹ́ ẹ̀, ó ń rùn bí ọtí tó ti kan. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fa àwọn débẹ̀. Wọ́n ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ títí dé ìgúnpá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ó ti ń gbóná. Ẹ yí i lọ́la.” Ojú ò ríran, ọwọ́ ń ríran.

Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan láti ọ̀nà odò, bíi jẹnẹrétọ̀. Mo ní ta ló ní jẹnẹrétọ̀ lábà yìí? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Màámi kí ẹ, orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n, aró ò tà bíi tàtẹ̀yìnwá. Tísà tó máa ń nà wá nítorí ìṣirò ti di pásítọ̀, ó ti wá ń rẹ́rìn-ín báyìí. Iná ò yí padà, má bèèrè.

Ó dọ̀sán, mo ní kí n lọ ṣan ọwọ́ lódò. Àjọkẹ́, odò tá a máa ń wẹ̀, tá a máa ń rí ẹsẹ̀ wa nínú ẹ̀. Ó ti pọ́n, ó ki, mi ò lè ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni mò ń gbọ́ látàárọ̀, òkè díẹ̀ síbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ wá góòlù, gbogbo ẹrẹ̀ ń dà sínú omi. Àwọn ọmọkùnrin tí mò ń bèèrè kún ibẹ̀, ẹlòmíì nínú wọn ò tíì ju ọmọ sẹ́kọ́ńdírì lọ. Ṣé o rántí 2022 tí ìjọba ń kéde pé kí a má mu omi odò Ọ̀ṣun nígbà ọdún, tí màámi ṣì bu tiwọn sínú kẹ́ẹ̀gì, tá a wá ń bá wọn jà? Irú ẹrẹ̀ yìí náà ni, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti ń ṣàn wá bá wa nílé.

Mo wá padà, mo bi Bàbá Àgàtú léèrè. Ó ní nígbà tí kòkó ń gbówó lórí ní 2024, tí tọ́ọ̀nù kan lé ní 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, gbogbo ọmọ tí ò mọ ọ̀nà oko mọ́ ló wá ń bèèrè ibi tí ààlà bàbá wọn dé. Nígbà tówó ẹ̀ já wálẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó rántí ààlà mọ́, góòlù ni wọ́n ń bèèrè. Mo ní ṣé wọ́n ti dé ilẹ̀ tiwa náà ni? Ó wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní kó mú mi lọ wò ó.

Wọ́n ti gbẹ́ ihò kan láti fi wò ó bóyá góòlù wà ńbẹ̀. Kò jìn, mo lè dúró nínú ẹ̀ dé àyà. Ẹ̀yìn ibojì Bàbá ni, kò tiẹ̀ tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Igi kòkó mẹ́ta ni wọ́n gé kí wọ́n tó ráyè, èso ṣì wà lórí wọn.

Bọ̀dá Táílọ̀ ló ń kó àwọn èèyàn náà wá, pẹ̀lú Hilux. Wọ́n ní lílò ni wọ́n fẹ́ lo ilẹ̀ náà, wọn ò rà á, ọdún mélòó kan ni wọ́n á lò ó, wọ́n á sì dí i padà. Àwọn tó lo ti ìsàlẹ̀ odò, mo fojú mi rí i, wọn ò dí ohun kankan. Èyí tí ò jẹ́ kí n sùn nìyí: Bọ̀dá sọ fún Ìyá Àgbà pé ìwọ ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹ jọ sọ ọ́ lórí fóònù, pé ìwọ gan-an lo ní kí wọ́n má da ẹnikẹ́ni láàmú.

Àjọkẹ́, ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, sọ fún mi kí n pa ẹnu mi mọ́, ilẹ̀ yín ni, èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe òótọ́, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí wọ́n ní àwọn Hilux ń padà bọ̀ láti wá kọ ìwé. Pe Ìyá Àgbà kó o tó pe Bọ̀dá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí lábà àfi téèyàn bá gun orí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Àgàtú máa ń lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo ti fi nọ́ńbà ẹ̀ sórí WhatsApp fún ẹ, ó ní òun á gbé fóònù sáré lọ bá wọn.

Má sì dárúkọ mi fún Bọ̀dá o. Aṣọ mi méjì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, wọn ò tíì fi ẹ̀rọ kàn án.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Ìbejì