Pè mí lálẹ́ òní

Àrẹ̀mọ mi,

Bàbá yín pè mí lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ní nǹkan há ọmọ kíláàsì yín kan lọ́fun, kò lè wúkọ́, kò lè sọ̀rọ̀, gbogbo yàrá ń pariwo, ìwọ lo dìde. O gbá a lẹ́yìn nígbà 5 láàárín èjìká, kò jáde. O wá dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn, o fi ìkúùkù ti ikùn rẹ̀ lókè ìdodo, sínú àti sókè, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ó tó pọ̀ ọ́ jáde. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ, mo tún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Àwọn tí yóò yìn ọ́ pọ̀, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kò ní sọ.

Ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ rí dókítà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá. Títi ikùn bẹ́ẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe nínú. Bí wọn kò bá tíì mú un lọ, bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lónìí. Má sì jẹ́ kí ohun tó ṣiṣẹ́ fún ọ yìí gùn ọ́: bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, a kì í ti ikùn rẹ̀, àyà ni.

O bínú sí mi nígbà tí mo ní kí o lọ kọ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ yẹn ní ọjọ́ Sátidé rẹ. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, wárápá gbé obìnrin kan ṣubú lójú mi. Àwọn kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹnìkan fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀ tipátipá, eyín rẹ̀ kan kán. Èmi dúró, mo ń wò. Kí a sún àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀, kí a máa wo aago, kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí gìrì bá dá, kí a pe áńbúláǹsì bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5: kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíbí yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Èyí tó le jù ṣì wà níwájú. Ó lè jẹ́ ẹni tí kò mí mọ́ ni wàá bá. Má sọ pé "ẹ pe áńbúláǹsì" fún gbogbo ènìyàn, torí kálukú yóò rò pé ẹnìkejì ti pè é. Na ìka sí ẹnìkan: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ pupa, ẹ pè é." Lẹ́yìn náà, tẹ àárín àyà, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 fún àgbàlagbà, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ègungun ìhà lè kán lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Má dúró. (Ọdún 1960 ni àwọn olùwádìí kan ní Johns Hopkins, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé títẹ àyà láti ìta tó, ṣáájú ìgbà náà, lílà ni wọ́n sábà máa ń la àyà kí wọ́n tó fi ọwọ́ tẹ ọkàn. Ìwọ rèé, ọ̀sán Sátidé kan lo fi kọ́ ọ.)

Ẹni náà sì lè kú. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí o ṣe, kódà pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ni kì í jí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró, kò sí bí ọwọ́ rẹ ṣe lè ba ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ ju bí o ṣe bá a lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, má gbé e sùn. Jí mi, ì báà ṣe aago mẹ́ta òru.

Ti omi ńkọ́? Má bẹ́ sínú rẹ̀ tọ ẹni tó ń rì. Ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i. Lórí èyí, n kò gba àwíjàre kankan.

Pè mí lálẹ́ òní. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá yín lẹ́ẹ̀mẹta, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Ìyá rẹ