Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ìjábọ̀ Iye Èrò àti Owó Ìrànwọ́ Bọ́ọ̀sì Inú Ọgbà Ìtura

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa,

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì inú ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. A mọ̀ pé iṣẹ́ tó wà níwájú yín kò kéré, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dédé kọ̀wé yọ yín lẹ́nu. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ aláriwo. Àwa la ń gbé àlejò wọ inú ọgbà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ẹni tó dé inú àfonífojì yẹn tí kò gba ọwọ́ wa kọjá, ì báà jẹ́ sẹ́nétọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ iléèwé. Ká má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, orúkọ rere tí ìjọba ìbílẹ̀ yìí ń jẹ lẹ́yìn odi, lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì wa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá.

Ohun tó gbé wa dìde ni lẹ́tà tó ti ọ́fíìsì ìṣirò owó yín wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́tà náà ní iye èrò tí a kọ sínú ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn pọ̀ ju iye ènìyàn tó gba ẹnu géètì ọgbà wọlé lọ, pé a ti bù lé e, àti pé wọ́n dá owó ìrànwọ́ bọ́ọ̀sì wa dúró títí ìwádìí yóò fi parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò pè wá bi léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́. Wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn alákòóso ọgbà. Ara pátákó ìkéde ní gáréèjì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kà á, kí àwa olóyè ẹgbẹ́ tó fojú kàn án. Olè ni wọ́n pè wá, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ olè.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí a ṣe ń ka èrò, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ìkàyè kékeré kan wà lọ́wọ́ òsì awakọ̀. Bí ẹnì kan bá ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́. Ká ní ìdílé kan wọ bọ́ọ̀sì nídìí ilé ìgbàlejò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí omi ti ń ya láti òkè, wọ́n wọ òmíràn dé ìparí ọ̀nà, wọ́n tún wọ òmíràn padà síbi tí wọ́n gbé mọ́tò wọn sí. Géètì ka olúkúlùkù wọn lẹ́ẹ̀kan. Àwa kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí màgòmágó níbẹ̀. Ohun tí ìlànà National Transit Database, ibi tí ìjọba àpapọ̀ ń kó àkọsílẹ̀ iye èrò ọkọ̀ jọ sí, ń béèrè náà nìyẹn: gbogbo ìgbà tí èrò bá wọ ọkọ̀ ni kí wọ́n kà, bó ti wù kó pààrọ̀ ọkọ̀ tó lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni National Park Service, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìtura ìjọba àpapọ̀, ṣe ń kọ ti bọ́ọ̀sì inú ọgbà rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti ń ná ọgbà Zion láti ọdún 2000, bọ́ọ̀sì Island Explorer sì ti wà ní ọgbà Acadia láti 1999. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí iye wa bá dọ́gba pẹ̀lú ti géètì ló yẹ kí ẹ fura, torí á jẹ́ pé a gbé gbogbo wọn wọlé, a ò sì gbé ẹnikẹ́ni jáde.

Géètì ọ̀hún gan-an, ní ọ̀pọ̀ ọgbà, kì í ka orí ènìyàn. Mọ́tò ló ń kà. Wọ́n á wá fojú bu iye ẹni tó máa ń wà nínú mọ́tò kan, wọ́n á sì fi sọ ọ́ di púpọ̀. Àwa tí à ń ka èrò lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá ń fi àfojúbù dá lẹ́jọ́.

Òfin owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn 2 CFR Apá 200, kò sọ pé kí ẹ ṣe báyìí. Ó ní tí nǹkan kò bá lọ déédéé, kí ẹni tó ń pín owó kọ́kọ́ wò ó bóyá àfikún ìlànà lè tún un ṣe. Bí ìyẹn ò bá ràn án ló tó lè dá owó dúró. Ó ní tó bá jẹ́ owó àsanpadà, ìyẹn owó tí ènìyàn ti ná kí wọ́n tó dá a padà fún un, kí ó jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè bá ti dé, àfi bí ìdí gúnmọ́ bá wà láti gbà pé ìwé náà kò tọ́. Ìdí gúnmọ́ dà nínú èyí? Ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ọgbọ̀n ọjọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí sáà bá parí, òfin kan náà sì gbà kí ènìyàn tọrọ àfikún ọjọ́ tó bá ní àlàyé tó yè kooro. Ọ́fíìsì yín kò tọrọ ọjọ́ kankan láti fi yẹ ọ̀rọ̀ wò. Lẹ́tà ni wọ́n kọ.

Ẹ mọ ìdí tí èyí fi ń dùn wá. Ètò owó ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fi orúkọ sẹ́nétọ̀ àtijọ́ Paul Sarbanes sọ, tí òfin ọdún 2005 dá sílẹ̀ fún ọkọ̀ èrò inú ọgbà nìkan, òfin ọdún 2012 ti fòpin sí i. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ọgbà ń bá ọ̀nà àti afárá du owó kan náà ni. Bí ọ̀rọ̀ "wọ́n bù lé e" bá wà nínú fáìlì wa, ta ni yóò tún dá wa lóhùn nígbà tí ìwé ìbéèrè tuntun bá lọ?

A ò tíì ní ká fa ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìparí ọ̀nà tó wà ní títì pa, àti ti rédíò tí kì í gbọ́ra nínú àfonífojì. Ìyẹn lè dúró.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ pàṣẹ kí owó tí wọ́n há mọ́wọ́ jáde, nítorí àwọn tó ń san owó ilé kò lè fi ìwádìí san án. Kí ọ́fíìsì náà kọ lẹ́tà mìíràn láti fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó rí ti àkọ́kọ́ gba, pátákó gáréèjì kò gbẹ́yìn. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù pé ìgbà tí èrò wọkọ̀ ni à ń kà. Tó bá sì wu akọ̀wé ìṣirò owó, kó wá jókòó sẹ́yìn awakọ̀ lọ́jọ́ kan. A ó fún un ní ẹ̀rọ ìkàyè tirẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ ṣèpàdé kí àkókò tí àlejò máa ń pọ̀ jù tó wọlé. Àwọn kan ti ń sọ pé bí èrò tí a gbé bá jẹ́ irọ́, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí á wo ẹni tí yóò gbé wọn. Àwa olóyè là ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù, pé ẹ ó dá sí i. Inú wa yóò dùn tí èsì yín bá dé kí ìpàdé ọ̀hún tó kò.

Àwa ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.