Àbẹ̀kẹ́, àwo túbà mẹ́fà ni mo fi ránṣẹ́

Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Òtútù Jọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ń wọ súwẹ́tà tó rà fún ọ.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán. O ní kí n kó gbogbo orin túbà, fèrè idẹ ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ yìí, tí mo ní wá, kó tó ọgọ́rùn-ún, kí ìwọ náà lè ní àkójọ tìrẹ tí wàá máa gbọ́ lálẹ́. Mi ò fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́. Mẹ́fà ni. Gbọ́ ìdí rẹ̀ kí o tó bínú.

Ṣé o rántí ọjọ́ Àjíǹde tí o wálé? O gbé fóònù rẹ sórí tábìlì, o tẹ orin kan, ó ń dún tín-ín-tín bí ẹ̀fọn. O ní, "Bàbá mi, túbà dà níbẹ̀?" Mo fa sípíkà onípákó bàbá àgbà rẹ jáde, èyí tó fi ń gbọ́ Yusuf Ọlátúnjí nígbà ayé rẹ̀, a so fóònù mọ́ ẹ̀rọ náà. Ife omi tí ìyá rẹ gbé kalẹ̀ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. O gbọ́wọ́ lé pákó náà, o bú sẹ́rìn-ín. Orin kan náà ni o! Ohùn ìsàlẹ̀ tí túbà ń fun, sípíkà fóònù kò lágbára à ti gbé e jáde. Nítorí náà, kó o tó náwó sórí àwo kankan, ra headphone gidi, èyí tó bo etí méjèèjì.

Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, ọdún 11 ni mo fi fun túbà nínú báǹdì ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú yìí láìgbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n fun rí. Ẹni tó kọ́ wa ní kí a ṣáà máa fun "pọ̀ọ́n, pọ̀ọ́n", pé onítòròmpẹ́ẹ̀tì ló ni orin. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sin òkú lọ, èmi ni mo máa ń gbẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́, mi ò mọ̀ pé ohun tí mo gbé kọ́rùn lè kọrin.

Ìgbà tí ẹnìkan yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì concerto túbà tí Vaughan Williams, òǹkọrin ará England, kọ ni ojú mi là; concerto ni orin tí ohun èlò kan ti ń ṣe aṣáájú, tí ẹgbẹ́ olórin ńlá ń gbè é. Ọdún 1954 ló kọ ọ́, nígbà tí London Symphony Orchestra pé ọdún 50. Philip Catelinet ló fun ún, John Barbirolli ló darí, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún náà. Òun ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà yẹn. Apá kejì, Romanza, ni kí o kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn violin á tẹ́ ẹní sílẹ̀, túbà á wá rọra jókòó lé e.

Èkejì, concerto yẹn náà ni: John Fletcher ló fun ún, ẹgbẹ́ kan náà, André Previn ló darí. Mo mọ ohun tí o máa sọ: kí lo fẹ́ fi orin kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì? Mú pẹ́ńsù, sàmì síbi tí Catelinet ti mí. Sàmì míràn síbi tí Fletcher ti mí. Ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wàá ti mọ ibi tó yẹ kí ìwọ náà ti máa mí, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó tì ọ́.

Ẹ̀kẹta ni The Antiphonal Music of Gabrieli, orin òǹkọrin ará Italy àtijọ́, àwo ọdún 1968. Àwọn afunfèrè idẹ inú ẹgbẹ́ olórin ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, ti Philadelphia, Cleveland àti Chicago, ló pàdé, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn bí lílé àti ègbè. Túbà kì í ṣe ìyá ìlù níbẹ̀, kẹríkẹrì ni. Arnold Jacobs ló wà lórí àga túbà ní Chicago láti 1944 dé 1988. Ìwọ tó máa ń ráhùn pé èémí rẹ kúrú, ikọ́ fée bá ọkùnrin yẹn jà, èémí rẹ̀ kò tó ti ẹlòmíràn, síbẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni pé kí orin ti máa dún nínú orí wọn kí èémí tó jáde. Ìdí tí mo fi kọ̀ láti fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún kò lè gbé inú orí ẹnìkan.

Ẹ̀kẹrin: Birth of the Cool ti Miles Davis, onítòròmpẹ́ẹ̀tì jazz, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dún 1949 àti 1950. Bill Barber ló fun túbà, jẹ́jẹ́ ló sì ń rìn. Ìkarùn-ún, fi gbálẹ̀ yàrá: My Feet Can't Fail Me Now ti Dirty Dozen Brass Band, 1984. Kirk Joseph ló fun sousaphone, túbà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara. Ará New Orleans ni wọ́n, níbi tí àwọn náà ti ń fi fèrè sin òkú, tí wọ́n sì ń jó bọ̀ láti itẹ́ òkú. Bí o bá dijú, o lè rò pé Aké ni.

Ẹ̀kẹfà, Cascades ti Carol Jantsch, obìnrin ni. Kò tíì jáde yunifásítì tí Philadelphia Orchestra fi mú un ṣe afuntúbà wọn lọ́dún 2006. Ẹni tó sọ fún ọ níbẹ̀ yẹn pé túbà kì í ṣe ohun obìnrin, má bá a jiyàn. Tẹ̀ ẹ́ fún un kó gbọ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ orin Fnugg ti afuntúbà Øystein Baadsvik kúrò. Ó ń fun ún, ó tún ń fi ọ̀fun kọrin sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni wàá ti fẹ́ dán an wò, ètè rẹ á bó. Ó di Kérésìmesì.

Flash tí mo kó àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí wà nínú gaàrí tí mo fi rán awakọ̀ láti Kútọ̀. Ìyá rẹ fi ọ̀rá méjì dì í. Yọ ọ́ kúrò kó o tó da omi sí i.

Bàbá rẹ