Àyìnkẹ́, má tíì pa Windows yẹn rẹ́

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá rẹ ní kí n kí ọ.

Mo ti ka ohun tí o kọ nípa láptọ́ọ̀pù rẹ, pé o fẹ́ fi ètò mìíràn rọ́pò Windows 10 tó ń darí rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró lèmi náà ti ń rò ó. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní kí o lo FreeBSD, èkejì ní Arch, tó jẹ́ ẹ̀yà Linux kan; ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows ni FreeBSD àti Linux. Iṣẹ́ gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n tí o bá gbé FreeBSD kalẹ̀ tán, ojú dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí ni wàá kọ́kọ́ bá, Wi-Fi láptọ́ọ̀pù mìíràn kì í sì í bá a ṣe. Ìwọ tí o ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́, Linux Mint ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yà Linux ni òun náà: Debian ọdún 1993 ló bí Ubuntu, Ubuntu ló bí Mint. Ohun tí o bá kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ yìí, wàá lò ó nílé baba ńlá. Nínú àwọn oríṣi Mint, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce, tó fúyẹ́, ni kí o mú. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 4GB tìrẹ á gbé e láìmí gúlegúle.

Fáìlì Mint tí wàá gbà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó nǹkan bíi 3GB, nítorí náà má fi dátà fóònù gbà á. Wá flash tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, torí gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ló máa lọ. Tí o bá ti gbé Mint sórí flash yẹn, ibẹ̀ ni kí o ti máa lò ó fún ọjọ́ mélòó kan láìfọwọ́ kan Windows. Tẹ orin, kí o gbọ́ bóyá ohùn ń jáde. Pa láptọ́ọ̀pù dé, tún ṣí i, wò ó bóyá á jí. Fi LibreOffice, ètò ìkọ̀wé inú Mint, ṣí iṣẹ́ rẹ, kí o wo àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ dáadáa. Wàá rí Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà níbi tí wọ́n ti ń yan kííbọ́ọ̀dù. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo rí i.

O máa ń béèrè ìdí tí a ò fi ní àwòrán ìsọmọlórúkọ rẹ. Èmi ni. Mo ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà wa àtijọ́, ó bi mí bóyá kí ó nu gbogbo dísíkì, mi ò kà á délẹ̀ tí mo fi tẹ̀ ẹ́. Mi ò ṣe ẹ̀dà kankan síbòmíràn. Màmá rẹ sunkún.

Tí o bá dé ojú ìbéèrè yẹn, má tẹ nǹkan kan. Pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Bàbá rẹ